Dọ́káàsì Wo?

Nírọ̀lẹ́, bí iná bá dé sí Ìsàlẹ̀ Afọ́n,
mo máa ń kọ orúkọ ara mi sínú fóònù
bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀,
tó sì ń dúró kí wọ́n bi í pé, "Ta nìyẹn?"

Wọ́n a tú yáyá jáde bí eṣú.
Dọ́káàsì Oyèníran kan ń ta ilé ní Amẹ́ríkà, ó kun ètè.
Ọ̀kan gba máàkì mọ́kànlélógún nínú ìṣirò,
wọ́n sì gbé e síta kí gbogbo ayé rí i.
Ọ̀kan jẹ báǹkì lówó.
Ọ̀kan sáré ní Adó-Èkìtì, ó ṣe ipò kẹrin.
Ọ̀kan ti kú. Ọdún tí wọ́n bí i ni wọ́n bí èmi.
Mo ka ìkéde yẹn títí dé orúkọ àwọn àna,
mo fọwọ́ lé àyà mi, ó ṣì ń lù.
Ìjẹ̀bú ni wọ́n sin ín sí. Kì í ṣe tiwa.

Ìtùnú, ọmọ ọmọ mi, ní, "Màmá, ẹ̀yin gan-an ò sí níbẹ̀."
Mo ní mo mọ̀.
Kì í ṣe èmi ni mò ń wá.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi yọ káàdì
ní ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi.
Mo mọ ohun tí orúkọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe:
o pe ẹyọ kan, èèyàn mẹ́ta dìde.
Dọ́káàsì Oyèníran mẹ́fà ló wà nínú àpótí irin wa,
èmi tí mo jókòó tì í ni ìkeje.
"Dọ́káàsì wo?"
"Ti Òkè Àdó, tó bí ìbejì."
"Dọ́káàsì wo?"
"Èyí tí ọkọ rẹ̀ máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé wá."
Bẹ́ẹ̀ là ń yà wọ́n, bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, ètè mi sán, ojú ń ta mí,
mo yọ káàdì Dọ́káàsì kan fún Dọ́káàsì mìíràn.
Abẹ́rẹ́ yẹn, ara ọ̀kan gbà á.
Ara èkejì kò gbà á: wọ́n ti fi tàdáwà pupa kọ ọ́
sórí káàdì tí mo fi sílẹ̀ nínú àpótí.

Nọ́ọ̀sì kan sáré kọjá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.
Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo.
Àwọn kan ní wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn, ó ṣì ń mí.
Àwọn kan kò sọ nǹkan kan.
Kò sẹ́ni tó bi mí.
Mo ti àpótí pa.
Ó di ọdún mọ́kànlá tí mo ti fẹ̀yìn tì,
kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà nínú àpò ìró mi.

Orúkọ rẹ̀ ni mò ń jẹ́, àbí orúkọ mi ló ń jẹ́?
Mi ò mọ ẹni tó yá a lọ́wọ́ ẹnì kejì.
Bí wọ́n bá ní, "Arábìnrin Dọ́káàsì, ẹ gbàdúrà fún wa,"
mo máa ń wẹ̀yìn kí n tó dìde.

Lánàá, mo rí àwòrán kan, láti Ìlọrin.
Ìyá àgbà láàárín àwọn ọmọ tó wọ gáùn, oòrùn lójú rẹ̀,
orúkọ wa lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ẹni tí mo rántí ní àpá kékeré kan lágbọ̀n.
Mo fẹ àwòrán náà, mo tún fẹ̀ ẹ́,
títí ojú rẹ̀ fi fọ́ sí wẹ́wẹ́.
Ọwọ́ ọmọ kan ló bo àgbọ̀n.

Iná lọ.
Fóònù nìkan ló ń tàn sí mi lójú,
ilà tín-ín-rín kan ń ṣẹ́jú níbi tí a ń kọ orúkọ sí,
bí èmi fúnra mi nígbà yẹn, lẹ́yìn fèrèsé káàdì,
tí n kò gbójú sókè:
"Dọ́káàsì wo?"