Orúnkún Mi ni Ìwé Rẹ̀

Láti oṣù mẹ́ta ni Nestan ti ń fi mí kàwé.
Ìwé gidi wà lórí tábìlì, ó nípọn bí ìrọ̀rí,
ṣùgbọ́n èmi ló ń ṣí wò.
"Jókòó, Lasha. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ máa fì."
Òòlù rọ́bà á bà mí lórúnkún, gbì,
ẹsẹ̀ á ta láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi,
bí ìgbà tí wọ́n pe orúkọ ẹlòmíràn, tí mo sì jẹ́.
Á fi kọ́kọ́rọ́ ilé ha àtẹ́lẹsẹ̀ mi.
"Àtàǹpàkò kọrí sísàlẹ̀. Ó dára.
Bó bá gbójú sókè, wàhálà wà lókè."
Mo ní, kí ló kan àtàǹpàkò kan wàhálà òkè?
Kò dáhùn. Ó ti ń ka méjìlá lórí ìka:
àkọ́kọ́ fún òórùn, ìkejì fún ìríran...
Tó bá dé orí ìkẹwàá, á gbàgbé,
á gbá ara rẹ̀ lórí, á tún bẹ̀rẹ̀.

Alẹ́ Kutaisi tutù. Odò Rioni ń kùn lábẹ́ afárá
bí irin oníka méjì tó máa ń gbé lé kókósẹ̀ mi,
tí á ní, "Sọ fún mi tó bá dákẹ́."
Mo máa ń sùn kó tó dákẹ́.
Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni iṣẹ́ tèmi,
èmi tí mò ń lẹ búrẹ́dì mọ́ ògiri ààrò,
èmi tí mo ka ìwé mẹ́sàn-án péré.

"Fẹyín. Hun iwájú orí jọ.
Bí ẹnu bá wọ́, tí iwájú orí náà kọ̀ tí kò hun,
iṣan ojú ló rẹ̀.
Bí ẹnu bá wọ́, tí iwájú orí ṣì ń hun,
Lasha, má jókòó. Ọpọlọ ni."
"Èyí tó dà bíi pé ó sàn ló burú jù?"
"Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú wa."

Lọ́jọ́ ìdánwò, kò jẹun. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé lọ,
ìgbàgbé ni tàbí ìmọ̀ọ́mọ̀, mi ò mọ̀.
Èmi wà nídìí ààrò. Otia, ọ̀gá mi,
ẹni tó ti fi ogójì ọdún tẹrí bọ ooru,
pè mí, ohùn rẹ̀ dà bí ìyẹ̀fun tómi pọ̀ jù.
Búrẹ́dì já bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀ sínú eérú.
"Ó rẹ̀ ẹ́ ni," làwọn oníbàárà ń wí, "ẹ fún un lómi."
"Ẹ má fún un lómi!"
Ohùn mi ni. Ọ̀rọ̀ Nestan ni.
"Ọ̀gá, ẹ fẹyín." Ọ̀tún rẹ́rìn-ín, òsì dúró.
"Ẹ gbé apá méjèèjì." Tòsì ń rọra sọ̀kalẹ̀
bí aṣọ tó ń yọ́ kúrò lórí okùn.
"Ẹ hun iwájú orí."
Ó hun. Ó hun dáadáa, tọ̀tún tòsì,
gbogbo ìlà ogójì ọdún pé síbẹ̀,
ẹ̀rù wá bà mí bí kò ṣe bà mí rí.
Mo wo aago kí n tó pe ọkọ̀ aláìsàn:
mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje.

Ìrọ̀lẹ́ ló dé, ojú rẹ̀ pọ́n.
"Iwájú orí ni wọ́n bi mí. Mo dà á rú, Lasha.
Mo pe eléyìí ní tọ̀hún."
Ìyẹ̀fun ṣì wà léèékánná mi.
Mo jókòó, mo ká ṣòkòtò sókè,
mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa fì.
"Òòlù dà?" ni mo wí. "Otia ti ń mi ìka mẹ́ta."
Kò tíì yé e.
Ó kọ́kọ́ lù mí lórúnkún ná.