Ẹni Àárín

Èmi Lásísì aránbàtà ní Ìnàlẹ́ndé,
èmi ni mo rán bàtà àkọ́kọ́ tí Mùdá fi gbá bọ́ọ̀lù.
Táyà mọ́tò ni mo gé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀,
òwú àwọ̀n ẹja ni mo fi rán an.
Ìyá rẹ̀ san ìdajì owó;
ó ní ìdajì tó kù, kí n máa retí ọmọ náà.

Kò sáré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.
Kò ga. Kò taagun.
Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀
lórí iyẹ̀pẹ̀ pupa ẹ̀yìn ilé-ìwé yẹn,
á gbé orí sókè
bí ẹni tó ń wá ilé ẹnìkan ní àdúgbò tuntun,
kí a tó ṣẹ́jú, bọ́ọ̀lù ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.
Ẹlòmíràn ló máa ń gbá a wọlé.
Ẹlòmíràn la máa ń gbé sọ́rùn.
Mo bi í lọ́jọ́ kan: "Ìwọ náà ò lè gbá a wọlé ni?"
Ó ní, "Bàbá Lásísì, ẹni tó dúró láàrin
ló ń rí ọ̀tún, ló ń rí òsì.
Ẹni iwájú, àwọ̀n nìkan ló ń rí."
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá!
Mo bú sẹ́rìn-ín, mo kan ìṣó mi lọ.

Ó gba Adámásìngbà kọjá, ó gba Túnísíà,
ó dé Fínlándì, ilẹ̀ tí oòrùn ti ń sùn láago mẹ́ta ọ̀sán.
Wọ́n kọ AKANMU sẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀, wọn ò fi àmì kankan lé e.
Asọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n á gbé ohùn òkè sí ìsàlẹ̀,
á gbé tìsàlẹ̀ sókè,
àwa tá a rọ́ sí ilé ìwòran Kàmọ́rù
á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Àkànmú!"
kó lè rí orúkọ rẹ̀ gbé sùn lọ́hùn-ún.

Bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
owó náà kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó gbá a sí àbúrò mẹ́rin, ó di owó ilé-ìwé.
Ó gbá a sí ìyá rẹ̀, ó di òrùlé, ó di kànga, ó di Mẹ́kà.
Ó gbá a sí Gàníyù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò di nǹkan kan.
Gàníyù tún nawọ́.
Ó tún gbá a.
Èmi pàápàá, lọ́dún kẹsàn-án, ìdajì owó bàtà dé,
pẹ̀lú èlé tí n kò bèèrè.

Ní Sáípírọ́ọ̀sì, oṣù márùn-ún ni wọn ò sanwó.
Kò sọ fún ẹnì kankan.
Owó Ìtúnu Àwẹ̀ ṣáà dé.
Ta ló mọ ohun tó tà?

Ibẹ̀ náà ni orúnkún ti já.
Kò sẹ́ni tó gbá a lẹ́sẹ̀;
ó kàn yí padà láti fún ẹnìkan ní bọ́ọ̀lù ni.
Wọ́n la orúnkún náà lẹ́ẹ̀mejì,
wọ́n fi lẹ́tà ìlà mẹ́ta dágbére fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi,
ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó ń dìde bí àgbàlagbà.
Fóònù rẹ̀ ń dún nínú àpò, kò gbé e.
Ó ń wo bí mo ṣe ń wá ojú abẹ́rẹ́.
Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.
Bọ́ọ̀lù yí wá, ó gba abẹ́ tábìlì mi,
ó dúró síbi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gẹ́lẹ́.
"Ẹ gbá a wá, Bọ̀dá! Ẹ gbá a wá!"
Mùdá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.
Ó gbé orí sókè. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì.
Mo dá òwú dúró lọ́wọ́.
Kò gbá a.
Ó ń yí i lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, síwájú, sẹ́yìn,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àwọn ọmọ ń pariwo. Fóònù ń dún.
Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún un ná."