Nọ́ńbà Tí Wọ́n Fún Mi

Ọjọ́ Ajé ni mo kọ́kọ́ pè wọ́n.
Ohùn ọmọbìnrin náà tutù bí omi amù:
"Ẹ ṣeun, Ìyáàfin Gwenllian, a ti kọ ọ́ sílẹ̀."
Ó fún mi ní nọ́ńbà.

Ajá mẹ́ta, lẹ́yìn ilé Emrys,
ní Rhymney, níbi tí òkè kì í jẹ́ kí òjò lọ sílé.
Èyí tó funfun ń lá omi nínú agolo ọ̀dà.
Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti ń ka egungun ìhà rẹ̀.

Mo tún pè. Orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn.
Mo se ọ̀dùnkún, ó jinná, mo jẹ ẹ́ tán,
orin ò tíì tán.
"Ẹ ní sùúrù, ẹni tó máa wá ti lọ ìsinmi."
Ìsinmi!
Ṣé ebi náà a máa lọ ìsinmi ni?

Mo ń ju búrẹ́dì kọjá ògiri lóru bí olè.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọkọ̀ wọn dé, ó mọ́ tónítóní,
àwòrán ajá tó ń rẹ́rìn-ín wà lára rẹ̀.
Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Ṣé mẹ́ta lẹ sọ?"
Mo wo ṣéènì kẹta, ó nà gbọọrọ nínú ẹrẹ̀.
Mo ka nọ́ńbà mi fún un.
Mo ti há a sórí.