Iṣẹ́ Tí Wáyà Ò Lè Jẹ́

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀-Ọrà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lábẹ́ igi kajú,
níbi tí iná mànàmáná ti ń yà bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó,
ni mo ti tú àpótí dúdú Oyèdìjí.
Pátákó kan wà nínú rẹ̀, kò tó àtẹ́lẹwọ́,
ọpọlọ rẹ̀ kò ju èékánná ọmọ jòjòló lọ.

Tẹ̀ ẹ́: kí ohùn dún. Wáyà jẹ́ ẹ.
Gbé ìka: kí ohùn dákẹ́. Wáyà jẹ́ ẹ.
Yí bọ́tìnnì: kí ó ròkè díẹ̀. Ó jẹ́ ẹ.
Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ọwọ́ òsì, èyí tí í tẹ ohùn bí ọ̀pá ìpẹja,
bí o yí i láti àárọ̀ dalẹ́,
kẹ́kẹ́ pa mọ́ kẹ̀kẹ́ lẹ́nu.

Oyèdìjí ní: “Ìwọ náà gbọ́. Mo fẹ́ kí ó wí pé *bẹ́ẹ̀*.
Ó ń wí pé *bẹ́*, ó sinmi, ó wá wí pé *ẹ̀*,
bí àgbà tí orúnkún ń dùn lórí àkàsọ̀.
Èdè wa kì í sọ̀ kalẹ̀ báyẹn.
Yíyọ̀ ló ń yọ̀.”

A kì í jẹ́ iṣẹ́ tí a kò rán ni; n kò bá wáyà jà.
Mo wọ inú àkójọ kóòdù tí ẹnìkan kọ
ní ìlú tí n kò dé rí.
Ó mọ̀ ọ́n kọ, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.
Ó kàn jẹ́ pé nígbà tó dé orí iṣẹ́ kẹrìnlá
ó fi àlàfo sílẹ̀: *ó di ọjọ́ mìíràn.*
Ọjọ́ mìíràn ti pé ọdún mẹ́fà.

Ìyá mi ń ṣa kajú nílẹ̀. “Kí lo ń kọ láti àná?”
“Ìlà mẹ́rin ni, Mọ́mì.”
“Mẹ́rin?”

Ẹrù kan kò gbọdọ̀ ju mẹ́tàdínláàádóje lọ,
nítorí náà a ó pín ohùn sí ẹrù méjì.
Ibi ìsinmi kẹ̀kẹ́ kì í ṣe òdo:
ẹgbàárin ó lé igba, ó dín mẹ́jọ.
Mo ní kí ẹrù ńlá ṣáájú.
Ilé wa kọ́, àgbà níí ṣáájú nílé wa.
Kẹ̀kẹ́ sinmi, ohùn já sí kànga.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo tó rí i pé nínú mídì
ọmọdé ní í kọ́kọ́ wọlé.
Mo pààrọ̀ wọn.
Mo kọ ti ìka tó ń tẹ̀ síwájú lẹ́yìn títẹ̀ mọ́ ọn,
nígbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀,
mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni kóòdù.
Kò tíì fèsì.

Oyèdìjí gbé ìka kan lé e, ó rọra yí kẹ̀kẹ́.
*Bẹ́ẹ̀.*
Ìyá mi dáhùn láti ìdí ààrò:
“Ta ló ń wí bẹ́ẹ̀?”
A fẹ́ dá a lóhùn.
Ni iná bá lọ.