Òru Méjì ní Matera

Òjò dídì ṣì wà lórí òrùlé Torino
nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀:
bàálù tó ń balẹ̀ sí Bari lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
reluwé kékeré láti ibẹ̀, èyí tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi,
ìyẹn ni pé bọ́ọ̀sì la ó wọ̀ padà, bí bọ́ọ̀sì bá gbà láti wá.
Ẹ̀yìn ìwé owó iná tí a kò tíì san ni Saverio kọ ọ́ sí.
Ó fa ìlà sábẹ́ owó. Ó tún fa òmíràn.
Ìlà kejì kò yọ kọ́bọ̀ kúrò níbẹ̀.

Mo ní ká mú bàtà tó ń gbá ilẹ̀ mú,
òkúta àtẹ̀gùn ibẹ̀ dán bí ẹ̀yìn ṣíbí,
ẹsẹ̀ àwọn tó ti sùn ló ti nù ún.
Ó ní ká mú ikùn òfìfo,
torí búrẹ́dì wọn tóbi bí ìrọ̀rí,
èèpo rẹ̀ a máa ké lẹ́nu bí ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀.
Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣọ́ọ̀ṣì inú àpáta;
lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ká kọjá sí òdìkejì àfonífojì
ká wo ìlú náà bó ṣe ń tan iná lọ́kọ̀ọ̀kan.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, oorun. Oorun nìkan.

Ó wá ku ibi tí a ó sùn sí.

Saverio rí i lórí fóònù: ihò àpáta funfun báláú,
bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àbẹ́là méje,
kòtò òkúta tí omi gbígbóná kún inú rẹ̀.
Ọgọ́sàn-án yúrò lóru kan.

Mo gbé e lọ bá ìyá mi nílé ìdáná,
níbi tó ti ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́.
Ó nu ọwọ́. Ó wá jígí ojú rẹ̀; orí rẹ̀ ló wà.
Ó dákẹ́ títí iná fóònù fi kú. Mo tún tàn án.
"Ihò kékeré tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì yìí, ẹ wo àgbélébùú inú rẹ̀,
ẹ wò ó bó ṣe wọ́ sí apá kan.
Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá mi."

Ọ̀rọ̀ wá ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀wà ṣe ń já sínú abọ́:
"Ibi bẹ́ẹ̀dì yín yìí, ìbaaka ló ń sùn níbẹ̀.
Ibi ìwẹ̀ yẹn, kànga òjò wa ni;
Eustachio já sí i lẹ́ẹ̀mejì, irun orí la fi fà á jáde.
Àwa mẹ́sàn-án. Ìbaaka ṣe ìkẹwàá,
òun la sì ń fẹ̀yìn tì nígbà òtútù.
Ìjọba wá fi ọkọ̀ ẹrù kó wa. Wọ́n ní ojú ń ti orílẹ̀-èdè.
Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àbí?
Àwa, ìtìjú ni wọ́n ní a kó jáde nínú tiwa.
Ilé tuntun ní ẹ̀rọ omi. Ó ní fèrèsé mẹ́rin.
Màmá mi fi aṣọ dí mẹ́ta, ó ní ìmọ́lẹ̀ ń wo òun."

Lẹ́yìn náà: "Eélòó ni wọ́n ń gbà?"
Mo purọ́. Mo ní ọgọ́ta.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un,
ẹ̀wà dànù, ó yí gba abẹ́ fíríìjì lọ.
"Ọgọ́ta! Ẹ bi wọ́n, oníbàárà àtijọ́ ńkọ́?
Ẹ ní mo ti sùn níbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ.
Ẹ ní mi ò jí nǹkan kan kó."

Saverio tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.
A kò tíì gbọ́ èsì.
Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwé owó iná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kejì,
ẹnìkan ti fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yí méjì sí mẹ́ta,
ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀:
bẹ́ẹ̀dì tèmi, ẹ jẹ́ kó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.