Ẹ̀dọ̀ Lórí Òróǹro

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú, gbọ̀ngàn kan l'Álágbàká, l'Ákùúrẹ́.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé.
Àwa méjìlélógún, òṣìṣẹ́ ìlera,
láti Ìdànrè, láti Ìta-Ògbólú,
láti Ìgbátòrò níbi tí ọkọ̀ kì í tètè kún.
Wọ́n fún wa ní bírò kan, ìwé kan, búrẹ́dì òun ẹyin.

Dókítà Ọláwùnmí kò kí wa pẹ́.
Ó ya ẹ̀dọ̀ sára pátákó, ó ní:
"Ta ló ti gbọ́ igbe ẹ̀dọ̀ rí?"
Kò sẹ́ni tó dáhùn.
"Eyín a máa roni. Orí a máa fọ́ni.
Ẹ̀dọ̀ ò lẹ́nu.
Mẹ́dọ̀wú lè bá a gbé fún ogún ọdún,
kó máa jẹ ẹ́ ní wẹ́kuwẹ́ku,
kí ẹni tó ni ín máa ká kòkó, kó máa bímọ, kó máa jó."

Àwọn ará Ìdànrè mi orí.
Wọ́n mọ kòkó tí èèpo rẹ̀ ń dán,
tó o bá là á, dúdú ló wà nínú.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: abẹ́rẹ́ tí a lò lẹ́ẹ̀mejì,
abẹ kan fún orí mẹ́wàá,
ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára láìyẹ̀ ẹ́ wò.
Kì í ṣe oúnjẹ. Kì í ṣe omi. Kì í ṣe ìbọwọ́.
Mo fa ìlà sábẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn
nítorí Màmá Ìyìọlá, tí wọ́n ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ títí tó fi kú.
Ibà pọ́njú ni gbogbo ilé pè é.
Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fún un lóògùn ibà.

Ọ̀sán la wá ń gún ara wa níka.
Ẹ̀rín pọ̀. Akínmúrelé, ọkùnrin gìrìpá,
òun tó ti gún ìdajì Ìdànrè lábẹ́rẹ́, ó dijú.
Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, ẹ̀kán omi méjì,
a dúró bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná.
Ìlà kan. Ìlà kan. Ìlà kan.
Ti Akínmúrelé, méjì.

Ẹ̀rín gbẹ bí ìrì lórí àpáta.
Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.
Ẹnìkan fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.
Èmi ni.

Dókítà kò gbóhùn sókè.
"Ẹ fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro," ó ní,
àwa kan sì rẹ́rìn-ín láìfẹ́, torí ẹ̀dọ̀ gan-an lọ̀rọ̀.
"Ipasẹ̀ olè lẹ rí lójúde yìí.
Ó lè ti lọ; ara ẹlòmíràn a máa lé e jáde.
Ó sì lè wà lókè àjà, kó máa mí.
Àyẹ̀wò kejì ni yóò gun àjà lọ wò ó.
Bó bá wà níbẹ̀, oògùn oníhóró wà,
nǹkan bí oṣù mẹ́ta, lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan.
Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ níbẹ̀ pátápátá.
Ọtí ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ sinmi. Àgbo ńkọ́? Kó sinmi."

Akínmúrelé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fọhùn:
"Ọdún tí ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́nà Òwènà,
àpò ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí mi lára.
Mi ò mọ ẹni tó fún mi.
Òun ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún un?"
Dókítà pa bírò rẹ̀ dé. Kò rí èsì fún ìyẹn.

Mo fa àga mi padà.
Mo bọ ọwọ́ sínú ẹ̀pà tó wà níwájú rẹ̀,
mo jẹ, ó jẹ.

Nígbà tí mo ń darí lọ sí Ìta-Ògbólú, mo ń ka àwọn ọmọ Màmá Ìyìọlá:
mẹ́fà, ọ̀kan wà l'Óǹdó.
Onífárí tó wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn wa,
tó ń nu abẹ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò,
ọ̀la ni mo máa lọ bá a.
Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀.