Ẹrù Tó Ń Ké

Aago márùn-ún àárọ̀ ni ilé ìfìwéránṣẹ́ Dúlúùtù pè mí.
"Màdáámù, ẹ wá gbé ẹrù yín o. Ẹrù yín ń ké."
Mo gbé kóòtù lé aṣọ iṣẹ́ òru,
mo rọra wakọ̀ lórí yìnyín oṣù kẹrin.
Páálí kékeré kan, ihò wẹ́wẹ́ lára rẹ̀,
òròmọdìyẹ mẹ́jọ, ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà láìjẹ láìmu.
Méje ń pariwo. Ìkẹjọ ti sùn lọ, kò ní jí mọ́.
Ọkùnrin ìdí káńtà ò lè wo ojú mi.
Mo ní kó má ṣèyọnu. Èmi náà rìnrìn àjò dé ìlú yìí ni,
mo mọ bí inú páálí ṣe ń rí.

Inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni mo fi wọ́n sí, gílóòbù pupa lókè.
Mo ti ẹnu wọn bọ omi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé omi ni.
Akínṣọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu:
"Ṣé kò sí ẹyin ní ṣọ́ọ̀bù ni?"
Mi ò dá a lóhùn. Báwo ni n ó ṣe sọ fún un
pé pupa inú ẹyin ṣọ́ọ̀bù ti ṣá bí aṣọ àfọ̀túnfọ̀?

Aili Koskela, arúgbó ilé kejì, ló là mí lójú:
"Bí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn.
Bí wọ́n bá sá sí igun, ooru ti pọ̀ jù.
Bí wọ́n bá fọ́n ká, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, lọ sùn."
A jọ kan ilé wọn. A ri wáyà wọlẹ̀,
nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ibí mọ ilẹ̀ wà,
ẹranko oníbòjú kan sì wà, ọwọ́ rẹ̀ bí ọwọ́ ọmọdé,
tó ń ṣílẹ̀kùn.
Ìyá mi l'Ókè-Igbó kì í kanlé fún adìyẹ.
Apẹ̀rẹ̀ ló ń dé mọ́ wọn lálẹ́, ó parí.
Mo ròyìn fún un lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé:
"Ìwé àṣẹ fún adìyẹ? Ìjọba mọ orúkọ wọn ni?"

Ìjọba ò mọ̀. Tìwàlọlá ọmọ mi ló mọ̀:
Búrẹ́dì, Kọfí, Ìyá Ìjọ tó ń yan bí ẹni gba ọrẹ,
Àǹtí Sìkírá.

Oṣù kẹjọ, Àǹtí Sìkírá na ọrùn, ó kọ.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, mo wà lórí ibùsùn,
fún ìṣẹ́jú kan mi ò mọ ìlú tí mo wà.
Mo ń retí ìró ìgbálẹ̀ lágbàálá.
Fèrè ọkọ̀ ojú omi lórí adágún ló dáhùn.

Òfin ìlú ò gba àkùkọ.
Mo sọ fún Tìwàlọlá kí n tó pọ́n ọ̀bẹ. Ó bi mí:
"Ṣé ó ti mọ̀?"
Mo ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká rí i.
Ọwọ́ tó ń pa ojú òkú dé nílé ìtọ́jú arúgbó,
ọwọ́ yẹn gan-an gbọ̀n.
Omi gbígbóná, ìyẹ́ títu, òórùn yẹn,
òórùn àárọ̀ Kérésì nílé bàbá mi.
Ẹran rẹ̀ yi. Akínṣọlá lá àwo.
Tìwàlọlá jẹ ìrẹsì lásán, kò wo ẹnikẹ́ni.
Mi ò fipá mú un.

Oṣù kẹwàá, ọjọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ já,
ó wọlé tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ìbọ̀wọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀,
ó gbé ìkejì lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé ẹyin iná.
Ẹyin kan wà nínú rẹ̀. Kékeré. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀.
Ó gbé e kàn mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́: ó ṣì gbóná.
"Ta ló yé e?"
"Mi ò mọ̀. Gbogbo wọn ló ń pariwo."
Ìyá mi lórí fóònù ní kí n gbé e sún mọ́ òun.
Kí lèèyàn fẹ́ gbọ́ lára ẹyin?
Mo ṣáà gbé e sún mọ́ ọn.